Bí A Ṣe Ń Yan Ìwé Tí A Ó Máa Kà Sétí Ọmọ Tí Ìwé Kíkà Ṣòro Fún

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi ọkùnrin nígbà tí a mú un kúrò nílé ìwé, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fúnra mi nínú ilé wa ní Ìbàdàn níbí. Nígbà náà, bó bá ti rí ìwé lọ́wọ́ mi, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà, ló ń bá a fínra. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa, orí rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ dá ṣáṣá lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà inú ìwé di ohùn, kí ohùn náà di ọ̀rọ̀, iṣẹ́ àṣelàágùn ni fún un.

Ìwé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo kọ́kọ́ lọ rà, nítorí òun nìkan ni mo rò pé agbára rẹ̀ ká. Mo jókòó tì í, mo ń ka bí Bọ́lá ṣe gbá bọ́ọ̀lù sétí ọmọ tó bi mí lálẹ́ àná pé kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀ lé mọ́tò wa. Lọ́jọ́ kẹta, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ní, "Mọ́mì, èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́." Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí pé òun ló ní láti sọ ọ́.

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Ìwé tí ọmọ máa fi ẹnu ara rẹ̀ kà yàtọ̀ sí ìwé tí a máa kà sétí rẹ̀. Bí lẹ́tà ṣe yá a lójú tó la fi ń wọn ti àkọ́kọ́. Etí àti òye rẹ̀ la fi ń wọn ti èkejì.

Lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ méjì, Philip Gough àti William Tunmer, ṣe àlàyé kan tí àwọn olùkọ́ ṣì ń lò dòní. Wọ́n ní ìsọdipúpọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkà: agbára láti tú lẹ́tà sí ọ̀rọ̀, lọ́nà agbára láti lóye èdè. Ẹ sì mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí a ń sọ di púpọ̀ bá jẹ́ òdo, òdo ni ìdáhùn. Apá àkọ́kọ́ ló ń wọ́lẹ̀ fún ọmọ tó ní dyslexia. Bó bá wá jẹ́ pé kìkì ohun tó lè kà fúnra rẹ̀ la ń jẹ́ kó gbọ́, apá kejì tó dá ṣáṣá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ nídìí ààrò tàbí nínú mọ́tò. Inú ìwé nìkan lọmọ ti ń bá wọn pàdé. Bí kò bá lè lọ bá wọn níbẹ̀, àwa la máa gbé wọn wá bá a.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi ìtàn kan dán etí rẹ̀ wò

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ìwé, ẹ mú ọmọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Omi tó bá dúró sínú etí lè mú kí ọmọ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ti ń sọ ọ́, àwa á sì máa pè é ní aláìgbọràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìtàn kan tí kò gbọ́ rí, tí kò ju ojú ewé méjì lọ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ọwọ́ kó máa ṣe, kó máa bó ẹ̀gúsí tàbí kó máa ṣa ẹ̀wà, kí ẹ sì ka ìtàn náà sétí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó lọ sọ ọ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: bàbá rẹ̀, àǹtí rẹ̀, ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹ kàn tẹ́tí, ẹ má bá a dá sí i.

Bó bá sọ ọ́ délẹ̀, tó tún fi tirẹ̀ kún un, etí rẹ̀ mú. Ẹ lè yan ìwé tó ju ti kíláàsì rẹ̀ lọ láìbẹ̀rù. Bó bá mú ìbẹ̀rẹ̀ tó sì pàdánù àárín, bó ṣe sábà máa ń rí fún àwọn ọmọ tó ní ADHD, ìyẹn àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, òye rẹ̀ kọ́ ló kéré, gígùn ìtàn ló pọ̀ jù fún un. Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gan-an ni kò yé e, tó ń dárúkọ ẹni tí kò sí nínú ìtàn, tàbí tí kò rí nǹkan kan sọ àyàfi ohun tó wà nínú àwòrán, á jẹ́ pé èdè fúnra rẹ̀ ló nira fún un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ìwé kúkúrú, àwòrán tó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ gẹ́lẹ́, àti àkàtúnkà.

Ìdánwò inú ilé lèyí o. Kò lè rọ́pò àyẹ̀wò àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti fi yan ìwé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, gbogbo ìbéèrè tó bá bi yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Tiwa kún fún òṣùpá, ejò, àti bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń di iná. Àwọn ìbéèrè yẹn ló máa sọ ọjọ́ orí òye rẹ̀ fún yín ju ìwé èsì ìdánwò lọ, ìwé tó bá dá wọn lóhùn ni kí ẹ sì kọ́kọ́ wá. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìtàn. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ìtàn nìkan là ń kà sétí ọmọ. Ìwé tó ń sọ bí ejò ṣe ń bọ́ awọ rẹ̀ tó ìwé àkàdùn fún ẹni tí ejò ń jẹ lọ́kàn.

Ọmọ ọdún méjìlá kò fẹ́ kí ẹ gbé ìwé tó ní àwòrán ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn páálí síwájú òun, pàápàá bí àbúrò rẹ̀ bá wà nítòsí. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un nínú ohun tí ẹ bá rà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ẹnu yín tọ́ ìwé náà wò

Ẹ má ra ìwé tí ẹ kò tíì ka ojú ewé kan nínú rẹ̀ sókè. Kí a fi ojú wò ó kò tó. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú àtẹ ẹni tó ń tà á, ẹ ṣí àárín ìwé, torí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé sábà máa ń dùn ju àárín rẹ̀ lọ, kí ẹ kà á jáde bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bí èémí bá tán lẹ́nu yín kí gbólóhùn tó parí, ọkàn ọmọ náà á ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dé òpin rẹ̀. Bí orúkọ mẹ́ta tó jọra bá wà lójú ewé kan ṣoṣo, Adéolú, Adéọlá, Adéwálé, ọmọ tí ìró máa ń dàrú mọ́ lọ́wọ́ kò ní mọ ta ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dára gan-an, torí pé ẹ lè yí ohùn padà, kí ọmọ fi ohùn dá olúkúlùkù mọ̀.

Bó bá jẹ́ ìwé Yorùbá ni, ẹ wo àmì ohùn orí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tó wà lórí àtẹ ni wọn kò fi àmì sí rárá, tàbí kí wọ́n fi síbì kan kí wọ́n fò ó níbòmíràn. Àgbàlagbà tó ń kàwé jẹ́jẹ́ lè fi òye gbé e. Ẹni tó ń kà sókè fún ọmọ kò ráyè padà sẹ́yìn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìtàn àgbẹ̀ kan ni mò ń kà. Mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí láìlámì pé ọkùnrin náà gbé "ọkọ" kọ́ èjìká. Mo kà á ní ọ̀kọ̀, èyí tí ọdẹ ń jù. Ìlà méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ti ń kọ ebè. Ọmọ mi gbójú sókè: "Ṣé ọ̀kọ̀ ló fi ń kọ ebè ni?" Ọkọ́ ni. Mo padà sẹ́yìn, mo tún un kà, ṣùgbọ́n okùn ìtàn ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, a kò sì rí i so mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ mìíràn á gbé e jù sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Fún ọmọ tó ti ń lo gbogbo agbára rẹ̀ láti di ìtàn mú, àṣìkà kan ṣoṣo lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, pẹ́ńsùlù kì í jìnnà sí mi. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, mo máa ń ka èyí tí a ó kà lọ́jọ́ kejì, màá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó lè dojú rú, màá fa ìlà kékeré síbi tí mo ti lè mí, màá sì fi àkámọ́ sí gbólóhùn tí mo lè fò láìba ìtàn jẹ́. Ẹ kò dẹ́ṣẹ̀ bí ẹ bá fò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ ń gbà mí, kò sì sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn nínú ọjọ́ mi tó lérè tó o.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo ibi tí a ti lè dúró

Ẹ fi fóònù wọn àkókò: báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ọmọ yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí àga? Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìwé tí ẹ fẹ́ ni èyí tí orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lè parí ní ìṣẹ́jú méje. Kí ohun kan bẹ̀rẹ̀ kó sì parí nínú orí kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ń gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, àkójọ ìtàn kéékèèké á sàn fún un ju ìtàn gígùn kan ṣoṣo lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á fẹ́ ka D. O. Fágúnwà. Ẹ̀rù ba èmi náà, torí gbólóhùn inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde lọ́dún 1938, gùn. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ṣe fún etí ni: ọkùnrin kan ló wá ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì ń pé jọ láti wá gbọ́. Ìrírí kan ló ń tẹ̀ lé òmíràn, nítorí náà a lè dúró bí ìjàkadì kan bá ti parí. Bí etí ọmọ bá mú, tó sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, ẹ dán an wò, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sán ni kí ẹ kà á o, kì í ṣe òru, nítorí àwọn iwin inú rẹ̀ kì í ṣe ti eré.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wá ìwé tó ní ègbè

Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ ráyè ṣe nínú gbogbo èyí, èyí ni kí ẹ ṣe. Àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: àlọ́ àpagbè kì í jẹ́ kí olùgbọ́ jókòó lásán. Ẹni tó ń pàlọ́ ń lé, àwọn ọmọ ń gbè. Ègbè ń fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ máa ń ṣí kiri ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe. Ó ń fún ọmọ tó máa ń gbàgbé ní ibi ìsinmi, torí bí ègbè bá ti tún dé, yóò mọ ibi tí a dé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ náà á rí ọ̀rọ̀ tó lè sọ láìkọsẹ̀, nítorí orin ló gbé e.

Àlọ́ ìyàn tó mú nígbà kan, tí Ajá fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sókè ọ̀run, tó máa ń kọrin kí ìyá náà ta okùn sílẹ̀, ni a fi bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Mo rí i nínú àkójọ àlọ́ kan tí wọ́n kọ ègbè rẹ̀, àlùjan-ǹ-jan-kí-jan, sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbàkúùgbà tó bá wáyé. Lọ́jọ́ kìíní, èmi ni mo lé e tí mo tún gbè é. Lọ́jọ́ kejì ó bá mi gbè é. Lọ́jọ́ kẹrin, mi ò tíì dé ibẹ̀ tí mo rí ìka rẹ̀ tó rìn kọjá lórí ojú ewé, tó lọ dúró lé ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n so pọ̀ yẹn, tó ń dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ náà rí gbọọrọ, kò jọ òmíràn, ó sì ti mọ ohùn tó ń gbé inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó kà á. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ka ìtàn náà dé ibẹ̀, a sì jọ kọ ọ́ lórin.

Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú àtẹ, ẹ wá ìwé tí ọ̀rọ̀ kan tàbí gbólóhùn kan ti ń padà wá léraléra, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú ti lè rí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo ojú tí ìwé náà fi ń wo ọmọ tí kò yára

Ẹ yẹ ìwé náà wò dé òpin kí ẹ tó gbé e wọlé. Bí ọmọ tí kò mọ̀wé nínú rẹ̀ bá jẹ́ olódo tí gbogbo kíláàsì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí tí wọ́n ní ọ̀lẹ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà. Ọmọ mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó lẹ́nu olùkọ́, kò yẹ kó tún gbọ́ ọ látẹnu ìyá rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ìwé tó fi ẹ̀kọ́ di ojú ewé tó kẹ́yìn pa pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí Ìjàpá jìyà ọ̀kánjúwà rẹ̀ kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ ohun tó rí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Yorùbá ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Méjèèjì. Wọ́n sọ fún mi nílé ìwé kan pé kí n yéé sọ Yorùbá sí ọmọ náà kí orí rẹ̀ má baà dàrú. Èdè méjì kì í fa dyslexia, bí a bá sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ, ìyẹn kò wò ó sàn. Èdè tí ẹ ń sọ láìronú, tí ẹ lè fi ṣàwàdà, tí ẹ lè fi bínú, ni kí ẹ fi ka ìwé tó gùn jù. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè kúrú kó sì ní àwòrán púpọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, ó lè jẹ́ òdìkejì èyí ni yóò bá ọmọ tiyín mu, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé Yorùbá jẹ́ àlọ́ kúkúrú tó ní orin.

Ìgbésẹ̀ 8: Ibi tí a ti ń rí wọn

Ìwé wọ́n. Mo máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀ kí n tó dé ìsọ̀ tó ń ta tuntun. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, African Storybook, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa, ní ìtàn ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ẹ lè wà á jáde, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Wọ́n pín ìtàn wọn sí ìpele, ìpele tó ga jù níbẹ̀ sì ni ti ìwé tí àgbà ń kà sókè fún ọmọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. StoryWeaver ti Pratham Books ní Íńdíà náà ní àwọn ìtàn Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yẹ àmì ohùn wọn wò bí mo ṣe wí.

Ohùn yín náà máa ń rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín, ìwé tí a ká sílẹ̀ lè gbà á lẹ́nu yín. Ní Amẹ́ríkà, Bookshare máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní dyslexia ní ìwé tí ẹ̀rọ lè kà sókè, lọ́fẹ̀ẹ́. RNIB Bookshare, ti àjọ tó ń ran àwọn afọ́jú lọ́wọ́, ń ṣe irú rẹ̀ ní Ìlú Ọba. Àdéhùn Marrakesh tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 2013 ló fẹsẹ̀ irú iṣẹ́ yìí múlẹ̀ káàkiri ayé: kì í ṣe afọ́jú nìkan ló wà fún, ẹni tí ìṣòro ìwé kíkà ń yọ lẹ́nu wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ojú ọmọ yín ríran nítorí náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ dárúkọ àdéhùn yìí.

Ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín ká sórí fóònù, pẹ̀lú ariwo adìyẹ àgbàlá nínú rẹ̀, dára púpọ̀. Ọmọ lè tún gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ 9: Alẹ́ mẹ́ta

Ẹ gbé ìwé méjì síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan. Méjì o, kì í ṣe mẹ́wàá, torí yíyàn tó pọ̀ jù máa ń dààmú irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ kà á fún alẹ́ mẹ́ta. Bí kò bá béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ láìbínú, kí ẹ mú èkejì. Bó bá wá ní kí ẹ tún ti oṣù tó kọjá kà, ẹ tún un kà. Ó ń lọ wá ohun tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́ ni.

Ẹ má sọ àsìkò yìí di kíláàsì. Iṣẹ́ lẹ́tà àti ìró ní àkókò tirẹ̀ láàárọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wáyé lójoojúmọ́, torí etí nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní kíkà. Ṣùgbọ́n bí ìwé àkàgbọ́ bá ti ṣí, ẹ má bi í pé "Kí ni lẹ́tà yìí?" Bó bá fẹ́ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, kó dùbúlẹ̀. Bó bá fẹ́ máa fi amọ̀ mọ nǹkan, kó máa mọ ọ́n.

Bí a bá parí ìwé kan, mo máa ń kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn páálí rẹ̀ nínú, pẹ̀lú ohun kan tó sọ nípa rẹ̀ àti iye ìgbà tó ní kí n tún un kà. Kí n tó lọ ra òmíràn, àwọn àkọsílẹ̀ yẹn ni mo máa ń kà. Nínú márùn-ún tó ti ní kí n tún kà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, mẹ́rin ló jẹ́ pé ẹranko ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, karùn-ún sì jẹ́ ti ejò. Ohun tí màá wá ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn.